Ẹran Iléyá Tí A Dà Nù Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, olùkọ́ yín bi yín bóyá ó yẹ kí Kristẹni jẹ ẹran Iléyá. Gbogbo yín pariwo "Rárá!" lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bíi pé ẹ ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ilé. Inú olùkọ́ dùn, ó ní kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń tún àga tó kán ṣe. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé òòlù ọwọ́ mi sílẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ lù ú mọ́ nǹkan tí kì í ṣe ìṣó.

Ẹ lè sọ pé mi ò dàgbà tó ẹni tó ń sọ ìtàn àtijọ́. Òótọ́ ni. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, mi ò sì parí ilé ìwé gírámà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ó ti parẹ́ nínú Ìkòròdú wa yìí kí ẹ̀yin tó gbọ́njú, ẹ wá rò pé bí nǹkan ṣe rí lónìí ló ṣe rí látilẹ̀. Irọ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ò tíì dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí ò ní gbohùngbohùn. Rímù ọkọ̀ akẹ́rù kan ni wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò, ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń lù ú. Mọ́sáláṣí tó wà ní òdìkejì ọ̀nà náà, ohùn ẹnu ládàánì wọn nìkan ni wọ́n ní. Bàbá Alàgbà ló ń darí ìjọ wa nígbà náà. Òun àti ládàánì ti jọ ju àwọ̀n pọ̀ ní Èbúté nígbà èwe wọn. Tí àsìkò agogo wa bá ṣe kòńgẹ́ àsìkò ìpè ìrun, Bàbá Alàgbà á dúró lábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú irin lọ́wọ́, á máa wo òdìkejì. Ìgbà tí ládàánì bá parí tó juwọ́ sí i ló tó máa lu tiẹ̀. Gàn-ùn, gàn-ùn, gàn-ùn.

Bí Bàbá Alàgbà bá pẹ́ jáde nínú ilé, ládàánì á pariwo láti ọ̀hún: "Alàgbà! Ṣé ẹ ò ní kírun tiyín lónìí ni?"

Bàbá á ní, "Ìwọ ni mò ń dúró dè. Ohùn rẹ ti gùn jù!"

Lónìí ńkọ́? Ẹnu gbohùngbohùn wa dojú kọ tiwọn, tiwọn dojú kọ tiwa, wọ́n ń ké mọ́ ara wọn láti ìdájí. Aláìsàn tó ń gbé láàárín méjèèjì ò lè sùn. Ẹ sì ń pe ìyẹn ní ìtara.

Lọ́dún kan, àgbò ládàánì já okùn, ó sì sáré wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àwọn ìyá ń ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àwọn ìyá fò sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan nínú wọn ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lé àgbò lórí. Àgbò náà rìn tààrà lọ síwájú pẹpẹ, ó dúró, ó ń jẹ òdòdó tí wọ́n kó síbẹ̀. Bàbá Alàgbà ní, "Ẹ má lé e. Ẹran tí Ábúráhámù ń wá kiri nínú igbó ló dé yìí." Ládàánì dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, kò sì wọlé.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un. Ẹ má sọ ọ́ di onígbàgbọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

"O ti pẹ́ jù. Ó ti kọ́ orin kan."

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, àwọn ìyá méjì bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Irú ìjọ tí a jẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí Màámi, nítorí òun gan-an ni mo torí ẹ̀ bínú. Ẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ Àìkú, tí kì í dúró kí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìsìn, Màámi ni. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí ní Ẹ̀pẹ́, Sikírá ni orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó rì í bọmi. Ìyá wọn kú nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Màmá Ẹ̀pẹ́, ló gbé e pọ̀n. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ni Màmá Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Ó ń yan ẹja, ó ń kó o lọ sí Ọjà Olúwo, ọmọ á máa sùn lẹ́yìn rẹ̀, èéfín á máa fẹ́ sí àwọn méjèèjì lójú. Màámi máa ń sọ pé òórùn ẹja yíyan ni òun kọ́kọ́ mọ̀ sí òórùn ìyá.

Nígbà tí Màámi fẹ́ fẹ́ bàbá mi, Kristẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èbúté, àwọn bàbá wọn ní Ẹ̀pẹ́ fárígá. Màmá Ẹ̀pẹ́ ló dìde láàárín wọn. Ó ní ẹ̀yìn òun lọmọ yẹn ti dàgbà, kí wọ́n jẹ́ kó lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà. Bàbá Alàgbà ló sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Màámi, Màmá Ẹ̀pẹ́ jókòó níwájú pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Bí omi ṣe kan orí àbúrò rẹ̀ báyìí, ó ti dìde pẹ̀lú aṣọ ìnura, ó ń nù ún ní gbangba ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ rọra o, òtútù tètè máa ń mú un."

Irú èèyàn tí wọ́n kọ́ yín láti máa pè ní kèfèrí nìyẹn.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì Iléyá, Màmá Ẹ̀pẹ́ á wọ mọ́tọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, á gba oríta Agbowa kọjá wá sí Ìkòròdú, abọ́ tánganran ọlọ́mọrí á wà lórí itan rẹ̀. Apá òsì àgbò ló máa ń wà nínú rẹ̀, tó ti dín in, tó ti fi ata dídín bò ó. Láti kékeré ni apá òsì ti jẹ́ ti Màámi. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án ní Ẹ̀pẹ́. Ká tó jẹ nínú rẹ̀ ní ilé wa, a ó kọ́kọ́ gbé abọ́ náà lọ bá Bàbá Alàgbà. Á gbàdúrà lé e lórí, á sì mú ẹyọ kan, á jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ẹyín rẹ̀ ò pé mọ́, ó máa ń pẹ́ kó tó gbé e mì. Ìgbà tó bá gbé e mì tán ni àwa náà á tó bẹ̀rẹ̀.

Màmá Ẹ̀pẹ́ ò ní padà pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Láti òwúrọ̀ ni Màámi ti máa ń rin ewùrà, ráì, ráì, ráì, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa yún un. Ìkókorẹ́ gbígbóná tí ẹja àrọ̀ kún inú rẹ̀ ni wọ́n máa rọ sínú abọ́ yẹn. Tí ó bá wá di Kérésìmesì, àwa náà á gbéra lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú adìẹ àti ìrẹsì. Tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá dé, ẹja yíyan tí Màmá Ẹ̀pẹ́ bá fi ránṣẹ́ ni gbogbo ìjọ máa ń du. Itọ́ lè máa dà lẹ́nu yín báyìí tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Ó yẹ kó dà.

Bàbá Alàgbà kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń sọ fún wa pé Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ bá pè yín jẹun, tí ẹ sì fẹ́ lọ, kí ẹ jẹ ohun tó bá gbé ka iwájú yín, kí ẹ má ṣe máa wádìí. Ó ní Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé bí a bá ń bi ẹni tó gbà wá lálejò léèrè bóyá ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́, òun gan-an là ń bi bóyá ó mọ́.

Ọlọ́run pe Bàbá Alàgbà. Olú ìjọ wá rán Pásítọ̀ sí wa.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́. Òun ló kan àjà sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí, òun ló ra dùùrù. Ó tún mọ Bíbélì, ó lè ṣí i síbi tó bá fẹ́ láì wo ojú ewé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú Iléyá, ní ọdún tí Iléyá bọ́ sítòsí Kérésìmesì, ó ka ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ gan-an, ó sì kọjá ibi tí Bàbá Alàgbà máa ń dúró sí. Ó ka ibi tó ti sọ pé bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé wọ́n ti fi ẹran yìí rúbọ, kí ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ó pa Bíbélì dé. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ti rí i? Tábìlì ẹ̀mí èṣù ni ẹ ti ń jẹun!" Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ti kọ ẹran òrìṣà sílẹ̀ dìde dúró.

Ta ló máa jókòó? Ta ló máa wà lórí ìjókòó kí wọ́n máa wo òun bí ẹni tó fẹ́ràn òrìṣà? Màámi dìde. Èmi náà dìde.

Ó tó àkókò kí n bi yín ní ìbéèrè tí mi ò lè bi Pásítọ̀ lọ́jọ́ náà. Òrìṣà wo ni wọ́n rúbọ sí ní Ẹ̀pẹ́? Ábúráhámù ni wọ́n ń rántí. Ábúráhámù tí àwa náà ń pè ní bàbá wa, tí ẹ̀ ń ṣe eré rẹ̀ lọ́jọ́ àwọn ọmọdé, tí ẹ̀ ń fi òwú ṣe irùngbọ̀n fún. Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín sí i. Màlúù tí ó wà nínú ọbẹ̀ yín ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ta ló dú u? Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà láàárọ̀ kí ẹ lọ tẹ́tí. Bísímílà ló ń wí kó tó fi ọ̀bẹ kan ọrùn ẹran. Pásítọ̀ ń jẹ ìyẹn. Ó ń jẹ ṣàkì rẹ̀, ó ń jẹ pọ̀nmọ́ rẹ̀, ó ń fa mùdùnmúdùn rẹ̀. Ẹran tí a bá fi owó rà ò ní ẹ̀mí èṣù nínú. Àfi èyí tí ẹ̀gbọ́n ẹni fi ìfẹ́ gbé wá lọ́fẹ̀ẹ́ nìkan! Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Màmá Ẹ̀pẹ́ dé ní ọjọ́ kejì Iléyá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà.

"Sikírá! Àgbò ọdún yìí sanra bí ìyàwó tuntun. Wá gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi, itan mi ti kú."

Màámi kúnlẹ̀, ó gba abọ́. Kò lè sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ fún ẹni tó pọ̀n ọ́n pé ẹran rẹ̀ ti di ti èṣù. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní àìsàn díẹ̀ ló mú òun tí òun ò fi rí ewùrà rin. Màmá Ẹ̀pẹ́ fọwọ́ kàn án lọ́rùn láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní kó lọ sinmi, òun á tètè padà, pé lọ́tẹ̀ yìí, òun ni yóò wá ní Kérésìmesì láti gba abọ́. Ó lọ sí gáréèjì.

Bí ó ṣe lọ tán, Màámi gbé abọ́ náà tọ Pásítọ̀ lọ, bí a ti máa ń gbé e lọ bá Bàbá Alàgbà. Mo rò pé ó ń retí pé tí ojú Pásítọ̀ bá rí ẹran náà, tó gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò gbàdúrà lé e, ọ̀rọ̀ á sì parí. Pásítọ̀ yìn ín. Ó pe àwọn tó wà nínú ọgbà, ó ní kí wọ́n wá wo ìgbàgbọ́. Ó gba abọ́ náà, ó sì da apá òsì àgbò sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. A dúró yí i ká. A ń kọrin ìṣẹ́gun. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń kọ ọ́, ohùn mi sì lọ sókè. Ajá méjì ti dé kí orin tó parí.

Mọ́tọ̀ Ẹ̀pẹ́ ò tíì kún. Màmá Ẹ̀pẹ́ wá rò ó pé òun ò tíì kí Pásítọ̀ tuntun, ó sì padà wá. Ìgbà tí mo yíjú, ó ti dúró sí igun ilé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀.

Ó wo ajá. Ó wo abọ́. Ó wo Màámi.

"Sikírá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ṣé oòrùn ló pa á lọ́nà?"

Ó tún wo àwọn ajá náà.

"Àbí iyọ̀ ló pọ̀ jù?"

Pásítọ̀ ló dá a lóhùn. "Mọ̀mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Ọmọ Ọlọ́run kì í jẹ irú èyí mọ́."

Màmá Ẹ̀pẹ́ ní, "Háà." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú abọ́ rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó wá ọmọrí rẹ̀, ó dé e. Ó sì gbé abọ́ òfìfo lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Kérésìmesì dé, kò wá. Ìkórè dé, kò sí ẹja. Màámi rán èèyàn sí i léraléra. Èsì kan náà ni wọ́n ń mú wá, pé kò bínú. Màámi mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní ì bá sàn kó wá bú òun.

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, Màámi ò dúró de ọjọ́ kejì. Èmi àti òun wọ mọ́tọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ ọdún gan-an. Wọ́n ń dín ẹran lọ́wọ́ nínú ọgbà, gbogbo àdúgbò ń ta sánsán. Màmá Ẹ̀pẹ́ jókòó ti agbada epo. Ó dìde fún wa. Ó ní kí wọ́n gbé àga tó ní tìmùtìmù wá.

"Ẹ káàbọ̀ o, mọ̀mọ́ ìjọ. Ṣé dáadáa lẹ dé? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

Ó ń bá ọmọ tó pọ̀n sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò láti ọ́fíìsì ìjọba sọ̀rọ̀. Màámi dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbá mi létí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lẹ ṣe? Ẹ dìde, ẹ máa ba aṣọ yín jẹ́."

Màámi nawọ́ sí ẹran tó wà nínú asẹ́. Màmá Ẹ̀pẹ́ rọra fa asẹ́ náà sẹ́yìn. Kò fà á pẹ̀lú ìbínú o. Bí ènìyàn ṣe ń fa ohun gbígbóná kúrò níwájú ọmọdé ló ṣe fà á.

"Rárá o. Mi ò ní fa wàhálà fún yín lọ́dọ̀ Pásítọ̀. Ohun tí a ń sè níbí ò bá yín lára mu."

Ó ní kí wọ́n lọ bá wa ra mínírà àti bisikíìtì ní ìsọ̀. Ó gbé e ka orí ọpọ́n fún wa. Ó fi hàn wá pé wọn ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀, pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé òun ò kan inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà sídìí epo rẹ̀. Mo mu mínírà. Màámi ò mu, kò jẹ. Ó fi bisikíìtì sínú báàgì rẹ̀.

Láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, orí itan rẹ̀ ni báàgì náà wà. Ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ni ọjọ́ náà, wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ilé là ń lọ. Màámi yà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó rìn láàárín àwọn bẹ́ǹṣì títí dé iwájú, ó gbé bisikíìtì náà sórí Bíbélì tí Pásítọ̀ ṣí sílẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní oúnjẹ Iléyá. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó mọ́."

Pásítọ̀ gbé e sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bisikíìtì! Mọ̀mọ́, èyí mọ́ o. Wọn ò pa á, wọn ò dú u." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa."

"Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí i."

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ya ọ̀rá rẹ̀, ó fi ọ̀kan sẹ́nu, ó fi òmíràn sẹ́nu, ó ń ṣẹ́jú sí àwọn akọrin. Màámi dúró, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Kò wo ibòmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín ń kúrò nínú ilé, títí a fi ń gbọ́ bó ṣe ń run ún. Mo rò pé Pásítọ̀ fẹ́ dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe máa dá a dúró. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó gbọn èérún rẹ̀ kúrò lára Bíbélì.

"Ó ti tán, mọ̀mọ́."

"Ó ti tán lóòótọ́," ni Màámi wí. "Gbogbo ohun tó kù láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ tán yẹn."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.